Windows Tuntun Kọ́ Ni Oògùn Látọ́ọ̀pù Tó Ń Fà

Ìgbàgbọ́ kan ti gbilẹ̀ láàárín àwa tí a ń fi kọ̀ǹpútà jẹun ní ìlú Èkó, láti àwọn ilé ìtẹ̀wé Ṣómólú títí dé àwọn ṣọ́ọ̀bù kékeré tí wọ́n ti ń tẹ iṣẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Akọkà. Wọ́n gbà pé bí látọ́ọ̀pù bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà, tó sì ń háńgì, Windows orí rẹ̀ ló ti gbó, àti pé bí wọ́n bá ti gbé tuntun sí i, ara rẹ̀ yóò yá. Ìgbàgbọ́ yìí ló ń kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí òpópónà Ọ̀tìgbà ní Computer Village, Ìkẹjà, tí wọ́n á há látọ́ọ̀pù sí abíyá, tí ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n á sì sọ fún ẹnjiníà ni pé, "Ẹ bá mi gbé Windows 11 sí i, Windows 10 ti kú." Ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú gbólóhùn yẹn. Pé Windows 10 ti kú, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, a ó sì dé orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n pé Windows 11 ni yóò mú ẹ̀rọ tó ń fà yára, kò rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí ìgbàgbọ́ yìí fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni pé ó máa ń jọ òótọ́ lójú ẹni tó bá dán an wò. Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Ẹnjiníà a ki fúláàṣì bọ ẹ̀gbẹ́ látọ́ọ̀pù, a tan án, a máa tẹ F12 tàbí F9 léraléra títí yóò fi rí ibi tó ti lè yan fúláàṣì náà; nígbà tí Windows bá sì béèrè ibi tí òun yóò jókòó sí, a pa gbogbo ohun tó wà lórí dísìkì rẹ́ kí ó tó tẹ̀ síwájú. Fọ́máàtì tó ṣe níbẹ̀ yẹn gan-an ni oníbàárà kò kà sí. Gbogbo ètò tó máa ń jí fúnra rẹ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ ti lọ. Àwọn ètò ọ̀fẹ́ tí wọ́n gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sì kó òmíràn sẹ́yìn wọlé, ti lọ. Fáírọ́ọ̀sì pàápàá ti bá wọn lọ. Ilé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ẹrù inú rẹ̀ jáde a máa fẹ̀ lójú, bẹ́ẹ̀ ni yàrá rẹ̀ kò fi ẹsẹ̀ bàtà kan gùn sí i. Ká ní Windows 10 kan náà ni ẹnjiníà dá padà sórí ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ yẹn, ìyára tí oníbàárà ń yọ̀ sí ì bá wà níbẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ó fi díẹ̀ lé sí i, nítorí Windows 11 ń fẹ́ àyè ju ti ìṣáájú lọ. Nígbà tí Windows 10 jáde ní ọdún 2015, RAM (ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) 2GB ni Microsoft ní ó kéré jù fún oríṣi 64-bit rẹ̀. Fún Windows 11, 4GB ni, pẹ̀lú àyè 64GB lórí dísìkì. Mi ò tíì rí ibi tí ẹrù tó wúwo jù ti ń mú kí alárùú yára.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń fa ẹ̀rọ rẹ̀ sẹ́yìn lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀ kí ó tó ná kọ́bọ̀. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀. Task Manager yóò ṣí. Ẹ bọ́ sí Performance, kí ẹ máa wo CPU (ọpọlọ ẹ̀rọ), Memory (RAM náà ni) àti Disk nígbà tí ẹ bá ń ṣe iṣẹ́ tó máa ń mú un háńgì. Lórí ọ̀pọ̀ látọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó ti pẹ́, ẹ ó rí i pé CPU fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe nǹkan kan, nígbà tí Disk dúró sí 100% láìyẹsẹ̀. Háàdì dísìkì àtijọ́ ló wà nínú rẹ̀ nìyẹn: àwo pẹlẹbẹ tó ń yí po, lórí ọ̀pọ̀ látọ́ọ̀pù ní ìgbà 5400 láàárín ìṣẹ́jú kan, tí apá tín-ín-rín kan sì ń sáré síwá sẹ́yìn lórí rẹ̀ láti wá fáìlì kan lẹ́yìn òmíràn. Nǹkan bí 100MB ni irú dísìkì bẹ́ẹ̀ lè kà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan bí fáìlì náà bá tò tẹ̀lé ara wọn. Bí wọ́n bá fọ́n káàkiri, bí ti Windows ṣe máa ń rí, ó kéré sí ìyẹn jìnnà. SSD, dísìkì ti òde òní, kò ní ohunkóhun tó ń yí nínú; èyí tí owó rẹ̀ kéré jù nínú wọn, tó ń lo ojú ìsopọ̀ SATA kan náà tí háàdì dísìkì ń lò, lè kà tó 500MB. Kò sí Windows tó lè mú kí àwo náà yí kánkán ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ. Owó tí ẹ fẹ́ fún ẹnjiníà kí ó gbé Windows tuntun sí i, SSD ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ fi kún.

Bí ó bá jẹ́ Memory ló kún, RAM ni kí ẹ fi kún un, bí wọn kò bá ti jó o mọ́ bọ́ọ̀dù. Bí fáànù bá sì ń pariwo, tí ìdí ẹ̀rọ gbóná, eruku ló sábà máa ń dí i. CPU a máa dín eré ara rẹ̀ kù kí ó má baà jóná. Àwọn látọ́ọ̀pù kan tilẹ̀ wà tí wọ́n máa ń fà kìkì nítorí pé ṣájà tí a rà lójú pópó kì í ṣe èyí tí wọ́n dá mọ̀.

Ní ti pé Windows 10 ti kú: ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn rẹ̀ dúró. Ẹ̀rọ kankan kò kú lọ́jọ́ náà. Ohun tó dáwọ́ dúró ni àtúnṣe ààbò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù láti dí ihò tí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé, ohun tó sì yẹ kó ba ẹni lẹ́rù nìyẹn. Ní ọjọ́ 12, oṣù Karùn-ún, ọdún 2017, ètò aṣebi kan tó ń jẹ́ WannaCry wọ kọ̀ǹpútà tó ju 200,000 lọ ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150, ó ti fáìlì wọn pa, ó sì ń béèrè dọ́là 300 ní Bitcoin kí ó tó ṣí i. Àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn tó kàn. Láti oṣù Kẹta ọdún náà ni Microsoft ti dí ihò yẹn lórí àwọn Windows tí wọ́n ṣì ń bójú tó. Àwọn tí kò gba àtúnṣe náà ni ọwọ́ bà, Windows 7 ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ̀rọ tó ń sáré àti èyí tó ń fà, bákan náà ló ṣe wọ́n.

Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí ẹni tó ń gba owó oníbàárà lórí látọ́ọ̀pù rẹ̀ bi ara rẹ̀ ni pé ṣé àtúnṣe ààbò ṣì ń wọlé sí i, àti pé ṣé ẹ̀rọ náà kún ojú òṣùwọ̀n fún Windows 11. Microsoft ń béèrè TPM 2.0, ohun ààbò kan tó wà nínú ẹ̀rọ, àti CPU Intel láti ìran kẹjọ sókè, tó jáde ní ọdún 2017, tàbí AMD tó bá a dọ́gba. Ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀lé dáàṣì nínú orúkọ CPU: i5-7300U, ìran keje ni, kò yege, i5-8350U, ìran kẹjọ ni, ó yege. Ní ọjà tòkunbọ̀, ara àwọn méjèèjì lè jọ débi pé ẹni tí kò wo nọ́ńbà náà yóò san owó ọ̀kan lórí èkejì.

Àwọn ẹnjiníà mọ ọgbọ́n tí wọ́n fi ń fo àyẹ̀wò yìí, wọ́n sì ń ṣe é lójoojúmọ́. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ Microsoft kò ṣèlérí àtúnṣe fún ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé ohun kan ṣoṣo tí a torí rẹ̀ ń lọ sí Windows 11 lè má tẹ̀ wá lọ́wọ́. Èyí tó burú jù ni ètò tí wọ́n fi ń jí Windows lò, tí ó máa ń ní kí ẹ kọ́kọ́ pa Defender, ẹ̀ṣọ́ tó ń lé fáírọ́ọ̀sì nínú Windows, kí òun tó ṣiṣẹ́. Kí ni ẹ rò pé ó fẹ́ ṣe tí kò fẹ́ kí ẹ̀ṣọ́ wà lójúfò? Ẹni tí Windows 10 rẹ̀ bá jẹ́ ojúlówó, tí ẹ̀rọ rẹ̀ sì yege, ọ̀fẹ́ ni yóò gba Windows 11 láti inú Settings, láìpa fáìlì kankan rẹ́. Dátà tó lè tó 5GB àti iná tí kò ní lọ láàárín rẹ̀ ló kù tó máa pèsè. Fún ẹ̀rọ tí kò yege, Microsoft ṣètò àtúnṣe ààbò fún àwọn aládàáni títí di ọjọ́ 13, oṣù Kẹwàá, ọdún 2026: ẹni tó bá fi àkáǹtì Microsoft wọlé, tó sì jẹ́ kí ó máa pa ètò Windows rẹ̀ mọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò san nǹkan kan, ẹni tí kò fẹ́ kí ó pa ètò rẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀ lè san dọ́là 30.

Àwọn ará Ṣómólú ní ìdí mìíràn láti má kánjú. Windows 11 kò ní oríṣi 32-bit, ti àtijọ́, rárá; driver (ètò kékeré tó ń jẹ́ kí Windows bá ẹ̀rọ mìíràn sọ̀rọ̀) tí wọ́n ṣe fún Windows 32-bit kò sì ní ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tàbí ẹ̀rọ tó ń gé ìwé tó bá ń lo irú driver bẹ́ẹ̀ yóò dákẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ara rẹ̀ le. Lójú tèmi, kí kọ̀ǹpútà tó ń darí rẹ̀ dúró sórí Windows àtijọ́, kí a yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì pátápátá, kí a máa fi fúláàṣì tí a ti yẹ̀ wò gbé iṣẹ́ lọ síbẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yìn tí ẹ ti gbé Windows 11 sí i láti inú Settings ni ẹ rí i pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín kò dáhùn, Go back wà lábẹ́ Recovery nínú Settings yẹn kan náà, àmọ́ ọjọ́ 10 péré ni wọ́n fún yín. Lẹ́yìn ìyẹn, Windows yóò pa ti àtijọ́ rẹ́, ẹni tó bá fẹ́ padà á sì ní láti fọ́máàtì.