Ṣé ká jẹ́ kí X11 kú ni?

Bọ́sẹ̀ Panṣẹ́kẹ́: Ẹ̀yin ọmọ Lísàbí tó ń lo Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, ẹ kú iṣẹ́ o. X11 tó ń gbé wíńdò sójú kọ̀ǹpútà wa láti 1987, wọ́n ti ń lé e kúrò. Ubuntu 25.10, ọ̀kan nínú oríṣi Linux, ti yọ ọ́ nínú GNOME, ojú iṣẹ́ rẹ̀ tí à ń rí. Wayland, ètò tuntun tó ń gba iṣẹ́ X11, nìkan ló kù níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù títẹ̀wé ni mo ní, tókunbọ̀ ni gbogbo ẹ̀rọ mi, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Kí ni X, bí a ti ń gé orúkọ X11 kúrú, ṣe tí wọn ò fi lè fi í sílẹ̀ fún wa?

Túnjí Ọbántókò: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ ààbò ni. Nínú X11, ètò kan lè máa ka gbogbo ohun tí ẹ ń tẹ̀ sínú ètò mìíràn láìtọrọ àyè. Oníbàárà á mú fláàṣì wá, ẹ ó ṣí fáìlì rẹ̀. Bí kòkòrò bá bá a wọlé, password ìmeèlì tí ẹ tẹ̀ lẹ́yìn náà, ó ti rí i. 2023 ni wọ́n tó rí àléébù kan tó ti wà láti 1988 nínú libX11, kóòdù tí àwọn ètò fi ń bá X11 sọ̀rọ̀! Ní ti Wayland, wíńdò tí ẹ wà nínú rẹ̀ nìkan ló ń gba ohun tí ẹ bá tẹ̀.

Màmá Àdìrẹ Ìtokú: Ti kòkòrò yẹn yé mi. Ṣùgbọ́n èmi máa ń kọ orúkọ bátànì àti oríkì mọ́ aṣọ mi, pẹ̀lú àmì ohùn. `setxkbmap ng -variant yoruba`, àṣẹ tó ń yí kíbọọ̀dù sí ti Yorùbá, ni ọmọ mi kọ́ mi. Mo bá ti tẹ̀ ẹ́, tí mo tẹ Enter, ẹ, ọ, ṣ ti wà nílẹ̀. Wọ́n wá gbé Ubuntu tuntun sí i, àṣẹ yẹn ò jẹ́ mọ́, oníbàárà sì dúró sí mi lọ́rùn.

Ẹlẹ́rọ Kútọ̀: Màmá, ẹ kú ọjà. Ẹ wọ Settings, ẹ lọ sí Keyboard, ẹ fi Yoruba kún un. Á padà bọ̀ sípò.

Túnjí, gbọ́ o. Àtẹ Yorùbá tí Màmá máa rí níbẹ̀ yẹn, inú xkeyboard-config, àkójọ àtẹ kíbọọ̀dù, ló wà, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará X ni. Òun náà ni Wayland ń lò. Ètò àtijọ́ tí kò mọ Wayland, Xwayland ló ń gbé e, inú kóòdù Xorg, ètò X11 tí à ń lò gan-an, ló sì ti wá. Iléeṣẹ́ Red Hat yọ Xorg kúrò nínú RHEL 10, Linux tiwọn, síbẹ̀ wọn ò yọ Xwayland. Ẹ ò lè máa jẹ lára rẹ̀ kí ẹ tún máa pè é ní òkú.

Túnjí Ọbántókò: Mi ò pè é ní òkú, sà. Ta ló máa ṣe iṣẹ́ náà ni mò ń bi yín. Púpọ̀ nínú àwọn tó tọ́jú X ló kúrò níbẹ̀ lọ kọ́ Wayland, torí wọ́n mọ ibi tó ti jẹrà.

Ẹlẹ́rọ Kútọ̀: Àwọn kan ti ya ètò tuntun kan, XLibre, lára kóòdù Xorg ní 2025. Debian 13, oríṣi Linux mìíràn, ṣì ní Xorg, ọdún 5 ni wọ́n sì fi ń tọ́jú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan.

Bọ́sẹ̀ Panṣẹ́kẹ́: Túnjí, mo gba ti ààbò yẹn, mi ò ní bá ẹ jà sí i. Ṣùgbọ́n RAM 2GB ló wà nínú àwọn ẹ̀rọ mi. GNOME wúwo jù fún wọn. IceWM, ètò wíńdò tó fúyẹ́, ni mò ń lò, X nìkan ló mọ̀. Xfce 4.20, ojú iṣẹ́ mìíràn tó fúyẹ́ ju GNOME lọ, ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba Wayland, àwọn fúnra wọn ló sọ pé ìdánwò ló ṣì jẹ́. Ọjọ́ tó bá parí, tí ẹ̀rọ mi sì gbé e láìkọ́sẹ̀, ọwọ́ ara mi ni màá fi yọ X. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ fi í sílẹ̀ fún wa.