Ẹ Jẹ́ Kí N Kàwé Yín Tán Ná
"Ṣé ẹ ti kà á tán?" Ìbéèrè yìí ti sú mi pátápátá. Òǹkọ̀wé á fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ Ajé pé kí n kà á, kí n kọ èrò mi nípa rẹ̀. Kó tó di Ọjọ́rú, ó ti ń dààmú mi. Ìwé olójú ewé 400! Bí mo bá ń ka ojú ewé 40 ní wákàtí kan, wákàtí 10 gbáko nìyẹn, láìka àkókò tí màá fi jókòó kọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mo sì níṣẹ́ tí mo fi ń jẹun o.

Èyí tó wá ń dùn mí jù ni ti ìràwọ̀ márùn-ún tí a fi ń díwọ̀n bí ìwé ṣe dára tó. Bí mo bá fún ìwé ní mẹ́ta, tí mo ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dùn àmọ́ àárín rẹ̀ ń fà, mo dọ̀tá òǹkọ̀wé nìyẹn. Á ní, "Kí ni mo ṣe fún yín?" Ẹ jọ̀ọ́, owó ara wọn làwọn èèyàn fi ń ra ìwé tí mo bá yìn. Ṣé kí n máa parọ́ fún wọn ni?

Mo fẹ́ràn ìwé. Bí ẹnìkan bá sọ fún mi pé ìwé tí mo júwe fún òun ni kò jẹ́ kí òun sùn mọ́jú, inú mi a dùn bí ẹni pé èmi ni mo kọ ọ́. Ìdí tí mo fi ń ṣe é nìyẹn.