Ìbọn dùn, ìtàn ńkọ́?

Ẹ̀yin oníròyìn, ẹ ní géèmù ìbọn kò nílò ìtàn. Mi ò gbà. Èmi àti àbúrò mi gbá Destiny, géèmù ìbọn tó jáde ní 2014, ní Kétu níbí títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìbọn rẹ̀ dùn lọ́wọ́, ẹ má jà mí níyàn. Àmọ́ kí ni a wá jà fún lórí Òṣùpá? Káàdì ìtàn tó ṣàlàyé rẹ̀ kò ṣeé kà nínú géèmù fúnra rẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n kó o sí! Ìyá wa kọjá, wọ́n ní, "Àwọn tí ẹ ń pa yìí, kí ni wọ́n ṣe yín?" A wo ara wa. Ọmọdé tó bá jókòó ti Ẹ̀fẹ̀ lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ ẹni tí orin ń bú, ó sì mọ ìdí. (Mo ṣì ń gbá a o.)