Ta ló sọ pé kólẹ̀kódọ̀tí aládàáni ló dínwó jù?

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, níbi ìpàdé àwọn onílé àdúgbò wa ní Tánkẹ̀, nílùú Ìlọrin, a ò tíì jókòó dáadáa tí Alhaji kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi fi dìde. Wọ́n ní ká yé yọ ara wa lẹ́nu lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kíkó, pé gbogbo ayé ló mọ̀ pé bí iṣẹ́ bá ti bọ́ sọ́wọ́ aládàáni, owó rẹ̀ á wálẹ̀. Wọ́n ní kí káńsù gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀ pátápátá, kí kálukú lọ wá ẹni tí yóò máa kó tirẹ̀. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé, tí ìwé owó ẹgbẹ́ wà lórí itan mi, mi ò pàtẹ́wọ́, torí ohun tó wà nínú ìwé yẹn yàtọ̀ sí ohun tí Alhaji sọ.

Kì í ṣe ẹnu wọn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Mo ti gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ ní Gérí Àlímì, mo ti gbọ́ ọ ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀. Àwọn tó ń sọ ọ́ kì í mú ju ìdí méjì wá: pé iṣẹ́ ìjọba ni, a kì í làágùn sí i, àti pé aládàáni ò ní fowó ara rẹ̀ ṣòfò láé. Ọ̀lẹ wà nídìí iṣẹ́ ìjọba, ta ni yóò jiyàn ìyẹn? Ṣùgbọ́n bí aládàáni bá ń ṣọ́ owó tirẹ̀, ìyẹn ò ní kó máa bá mi ṣọ́ tèmi. Ẹ jẹ́ ká fi àròsọ sílẹ̀, ká lọ bá àwọn tó ti jókòó ka owó náà.

Ní 1976, àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé méjì ní Amẹ́ríkà, Peter Kemper àti John Quigley, gbé ìwádìí jáde lórí bí àwọn ìlú ìpínlẹ̀ Connecticut ṣe ń kó ilẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n bá níbẹ̀. Àwọn ìlú kan ní ọkọ̀ àti òṣìṣẹ́ tiwọn. Àwọn mìíràn gba agbaṣẹ́ṣe kan, wọ́n bá a kọ ìwé àdéhùn, òun ló ń kó ti gbogbo ilé. Ní àwọn tó kù, onílé kọ̀ọ̀kan ló ń wá ẹni tí yóò kó tirẹ̀, bí Alhaji ṣe fẹ́ kí á ṣe é gan-an. Ọ̀nà ìkẹta yìí ló wọ́n jù. Ó wọ́n ju kí ìlú fọwọ́ ara rẹ̀ kó o lọ.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 1977, E. S. Savas ti Yunifásítì Columbia gbé tirẹ̀ jáde. Ẹ fọkàn bá mi lọ síbí yìí, torí Savas kì í ṣe ẹni tó ń gbèjà òṣìṣẹ́ ìjọba. Ó wà lára àwọn tó ń lu ìlù kíkíkan pé kí ìjọba gbé iṣẹ́ fún aládàáni, ó sì bá ìjọba Ronald Reagan ṣiṣẹ́ lẹ́yìn náà. Òun pàápàá rí i pé kí kálukú máa wá akólẹ̀ tirẹ̀ kì í ṣe ọ̀nà tó dínwó. Barbara Stevens náà rí i ní 1978 pé ibi tí àwọn akólẹ̀ ti ń du oníbàárà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ní àdúgbò kan náà wọ́n ju ibi tí ẹyọ kan ti ń kó gbogbo rẹ̀.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ wà lójú títì wa níbí. Ojúlé 46 ló wà lórí òpópónà wa. Ọkọ̀ kan ń kó ti ojúlé 17, ó ń gba ₦3,000 lóṣù. Ọkọ̀ kejì ń kó ti ojúlé 9, ₦4,000 ni tirẹ̀. Ojúlé 11 ń dúró de àwọn ọmọ tó ń ti bárò, ₦300 lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì ń pè wọ́n bí ẹ̀ẹ̀mẹjọ lóṣù. Ojúlé 9 tó kù kì í sanwó fún ẹnikẹ́ni. Inú gọ́tà ni tiwọn ń lọ, mo ti fojú ara mi rí i lóru ọjọ́ òjò.

Láàárọ̀ Àtàlátà, ọkọ̀ àkọ́kọ́ á wọlé, á dúró níwájú ilé kan, á fo mẹ́ta, á dúró, á tún fo méjì. Bó bá di Àlàmísì, ọkọ̀ kejì á gba ojú ọ̀nà kan náà, á jó epo, nítorí ojúlé mẹ́sàn-án. Awakọ̀ méjì, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ mẹ́rin, àti ẹni méjì tó ń kiri gbowó láti ojúlé dé ojúlé, tí àwọn kan á sì máa sọ fún un pé kó padà wá lọ́la. Ta ló ń san gbogbo ìyẹn? Inú ₦3,000 yẹn ló wà, inú ₦4,000 yẹn ló wà.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ń kó ₦51,000 lóṣù, èkejì ń kó ₦36,000, ti àwọn oníbárò jẹ́ bíi ₦26,400. Àpapọ̀ rẹ̀ ₦113,400, ojúlé 37 péré ló sì san án. Lọ́dún tó kọjá, a pa ohùn pọ̀ fún oṣù márùn-ún: gbogbo ojúlé 46, ọkọ̀ kan, àdéhùn kan, ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, ẹgbẹ́ ló ń gbowó, ẹgbẹ́ ló ń san án. ₦1,800 ni ojúlé kọ̀ọ̀kan ń mú wá lóṣù. ₦82,800 ni gbogbo rẹ̀. Kẹ́ ẹ má baà rò pé epo ló wọ́n sí i lẹ́yìn ìgbà yẹn: ọkùnrin kan náà tó ń gba ₦3,000 lónìí ni, ₦3,000 ló ń gbà kí á tó pa ohùn pọ̀, ọjọ́ tí a túká ló sì padà sí i. Mo bi í nígbà náà bóyá ó ń pàdánù. Ó ní rárá, pé ìrìn-àjò òun ló dínkù, òun ò sì lé gbèsè ẹnikẹ́ni kiri mọ́.

Onílé mẹ́rin ló kọ́kọ́ ní àwọn fẹ́ ẹni tiwọn, àwọn tó kù wá tẹ̀ lé wọn. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, ₦65,000 ni ẹgbẹ́ san fún àwọn tó wá ko gọ́tà. Láàrin oṣù márùn-ún yẹn, a ò san kọ́bọ̀ lórí gọ́tà.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn á sọ: ṣebí aládàáni náà ni ọkùnrin yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí mò ń sọ nìyẹn. Bí a ṣe to iṣẹ́ náà ló ń sọ iye tí yóò ná wa, kì í ṣe orúkọ ẹni tó wà lára ọkọ̀.

Èyí tó fi yé mi jù ni ìtàn ìlú Phoenix, ní ìpínlẹ̀ Arizona. Ní 1979, wọ́n ní kí àwọn aládàáni wá dá iye tí wọ́n fẹ́ gbà láti máa kó ilẹ̀ ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan nínú ìlú. Wọn ò sì ní kí ẹ̀ka ìlú tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀ jókòó sílé o. Wọ́n ní kí òun náà wá dá iye tirẹ̀ bíi ti gbogbo wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlú kọ́kọ́ pàdánù. Aládàáni gba ẹkùn kan, ó gba òmíràn. Ká ní ibẹ̀ ni ìtàn náà parí sí ni, Alhaji ló jàre. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ìlú padà lọ tún iṣẹ́ wọn tò. Wọ́n bọ́ sórí ọkọ̀ tó ní apá irin lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí awakọ̀ nìkan lè fi gbé gáráwà ìdalẹ̀nù láì sọ̀ kalẹ̀, kò wá sídìí fún ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́. Nígbà tí àdéhùn àwọn aládàáni bá parí, wọ́n á tún wá dá iye. Kí ọdún mẹ́wàá ọ̀hún tó pé, wọ́n ti gba àwọn ẹkùn náà padà, nítorí iye tiwọn ló kéré jù. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n, àwọn kan náà tí ẹ ní wọn kì í làágùn.

Ní Toronto, Kánádà, wọ́n gbé apá ìwọ̀-oòrùn ìlú fún agbaṣẹ́ṣe ní 2012. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ fún apá ìlà-oòrùn ní 2015, ìṣirò àwọn òṣìṣẹ́ ìlú fi hàn pé kò sí owó kankan tí wọn yóò rí fi pamọ́ níbẹ̀. Lókè gbogbo rẹ̀, ní 2010, Germà Bel, Xavier Fageda àti Mildred Warner kó àwọn ìwádìí tó wà nílẹ̀ lórí ilẹ̀ kíkó àti omi ẹ̀rọ jọ, wọ́n fi ìṣirò yẹ gbogbo wọn wò pọ̀. Wọn ò rí ẹ̀rí pé aládàáni ń dínwó ju ìjọba lọ lọ́nà tó ṣeé gbára lé.

Mo gbà pé nínú ìwádìí Savas, ní àwọn ìlú tó ní ju èèyàn 50,000 lọ, agbaṣẹ́ṣe kan tó ní ìwé àdéhùn dínwó ju ọkọ̀ ìlú lọ. Mi ò ní fi í pamọ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni Alhaji sọ. Wọ́n ní kí kálukú wá tirẹ̀.

Nílẹ̀ wa níbí, ohun mìíràn tún wà tí kò sí ní Arizona. Ní November 2024, CBN gbé òdiwọ̀n owó èlé dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá yáwó ní báǹkì ra ọkọ̀ akólẹ̀ nígbà náà, èlé tirẹ̀ á ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àpò wa ni èlé yẹn ti ń jáde, èrè rẹ̀ sì tún wà lórí rẹ̀. Iye kan náà ni káńsù àti òun ń ra epo, kò sí ẹni tó ń ta epo ọ̀pọ̀ fún aládàáni.

Àwọn tó ń fi Èkó ṣàpẹẹrẹ fún mi, ẹ rántí 2017. Ìjọba Gómìnà Akínwùnmí Ambode gba ilẹ̀ ilé kíkó lọ́wọ́ àwọn PSP, ìyẹn àwọn akólẹ̀ aládàáni kéékèèké tó ń kó o tẹ́lẹ̀, wọ́n gbé e fún ilé-iṣẹ́ aládàáni kan. Ìdọ̀tí gun ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní 2018, títí tí wọ́n fi dá iṣẹ́ padà fún àwọn PSP.

Ó ku ti ₦300 oníbárò, èyí tí gbogbo èèyàn gbà pé òun ló pọ́ọ́kú jù. Ààtàn ńlá wà lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, lápá Ẹyẹnkọ́rin. Láti Tánkẹ̀ débẹ̀, ẹ máa gba inú Ìlọrin kọjá já sí òdìkejì ni. Kò sí ọmọ tó lè ti bárò débẹ̀ nítorí ₦300. Mo tẹ̀ lé ọ̀kan nínú wọn lọ́jọ́ kan, kò rìn tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi da gbogbo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ odò kékeré kan. Mi ò bá a wí, ọmọdé ni, oúnjẹ òòjọ́ ló ń wá. Àwa tí a san ₦300 ni kí á bá wí. Bí òjò bá rọ̀, omi á gbé e dé Odò Asà, ọkọ̀ ìjọba àti owó ìlú ló sì máa padà lọ kó èyí tó bá dí ojú omi. A ti san án lẹ́ẹ̀kan fún ọmọ náà, a tún ń san án lẹ́ẹ̀kejì láìmọ̀. Ẹni tó bá ń ṣírò iye tí aládàáni ń ná wa, kó ro ìyẹn mọ́ ọn.

Káńsù ò tilẹ̀ lè gbọ́wọ́ kúrò bí wọ́n ṣe ń wí. Ìwé òfin 1999, nínú Àfikún Kẹrin, ka dída ìdọ̀tí nù mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n lè gba agbaṣẹ́ṣe, ṣùgbọ́n ọrùn wọn ni iṣẹ́ náà ṣì wà.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, mo máa ka ìwé owó wa sókè láti ojú ewé àkọ́kọ́, kí Alhaji fúnra wọn gbọ́ ọ. Ohun tí mo fẹ́ bẹ ẹgbẹ́ ni pé kí á so òpópónà mẹ́ta pọ̀, kí á pe àwọn ọlọ́kọ̀ wá dá iye wọn lé gbogbo ojúlé lẹ́ẹ̀kan náà, kí á sì kọ̀wé sí káńsù pé kí àwọn náà wá dá tiwọn. Mo ti fi ìwé ránṣẹ́ sí òpópónà méjèèjì tó bá tiwa pààlà. Ọ̀kan ti fèsì: ojúlé 31 ni wọ́n, wọ́n ní àwọn ti ṣetán.