Ọbẹ̀ Ata Nígbà Odùduwà

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ rò pé òtútù ló ń jẹ wá níyà jù ní Chicago. Irọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí ìyá yín ti Èbúté Mẹ́ta wá kí yín ná.

Màmá mi gbé ata gígún wọ bàálù, nítorí wọ́n gbọ́ pé ẹnu òyìnbó ò gba ata. Mo ní, "Mà, ata ò wọ́n níbí o." Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n pòṣé.

Ni mo bá mú wọn wọ rélùwéè Pink Line lọ sí àdúgbò Pilsen lọ́jọ́ Sátidé kan. Bí ẹ bá ti bọ́ sílẹ̀ ní 18th Street, Mẹ́síkò lẹ dé yẹn: orin wọn, èdè wọn, àwòrán wọn lára gbogbo ògiri. Màmá ní, "Kí ló dé tí wọ́n fi ń pe ibí ní Pilsen?" Mo ní àwọn ará Czech tó ń gbé ibẹ̀ láyé àtijọ́ ló fi orúkọ ìlú wọn sọ ọ́.

"Àwọn Czech náà dà?"

"Ọ̀pọ̀ ti kó lọ, mà."

"Wọ́n wá gbàgbé orúkọ sílẹ̀."

Ọmọ òṣìṣẹ́ rélùwéè ni màmá mi. Lókò, níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe, ni bàbá wọn ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, ẹ ò sì lè dárúkọ ìyanṣẹ́lódì kankan lójú wọn kí wọ́n má fi ti Nàìjíríà ní 1945, ti Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, bò yín mọ́lẹ̀. Mo fi afárá ojú irin tó wà nítòsí Halsted àti 16th Street hàn wọ́n. Mo ní ní July 1877, àwọn ilé iṣẹ́ rélùwéè gé owó òṣìṣẹ́, ni òṣìṣẹ́ bá daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Amẹ́ríkà. Ibí yìí ni ọlọ́pàá àti sójà ti kojú wọn. Nǹkan bí 30 èèyàn ló kú ní Chicago lọ́sẹ̀ náà.

Ni màmá bá mi orí. "Michael Imoudu ni ò sí níbẹ̀."

"Mà, wọn ò tíì bí Imoudu ní 1877."

"Ohun tí mo ń sọ náà nìyẹn."

Àwọn ará Mẹ́síkò ńkọ́? Ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀ ní 1910 lé ọ̀pọ̀ kúrò nílé, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní sì dé, rélùwéè ń wá òṣìṣẹ́ lójú méjèèjì. Inú ọkọ̀ ẹrù tí wọ́n gbé dúró lẹ́bàá ojú irin ni àwọn míì ń gbé, tìyàwó tọmọ, nínú òtútù Chicago yìí kan náà. Èmi rèé, bí hítà bá kọ̀ fún wákàtí kan, mo ti pe lánlọ́ọ̀dù. Láàrin àwọn ọdún 1930 tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú wọn padà, títí kan ọmọ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà. Láàrin àwọn ọdún 1960 ẹ̀wẹ̀, Yunifásítì Illinois fẹ́ ilẹ̀ ní àdúgbò Near West Side, wọ́n wó ilé àwọn èèyàn, ni ọ̀pọ̀ bá ru ẹrù wá sí Pilsen. Ní báyìí tí àwọn olówó ti fẹ́ràn Pilsen, owó ilé ń gun òkè. Màmá ní, "Ta ló wá ń lé wọn kiri?"

Ebi pa wá, a yà sí búkà. Òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ta menudo, ọbẹ̀ àwọn ará Mẹ́síkò, ọ̀pọ̀ sì gbà pé ó ń lé ọtí àná kúrò lójú. Ẹ wá wo màmá mi, ìyá ìjọ, pẹ̀lú gèlè, láàrin àwọn ọkùnrin olójú pípọ́n. Wọ́n fi ṣíbí tú abọ́.

"Ṣàkì!"

Gbogbo búkà yí ojú sí wa.

"Ṣàkì nínú ọbẹ̀ ata! Ta ló kọ́ wọn?"

Mo ní, "Mà, ọ̀dọ̀ wọn ni àgbàdo ti ṣẹ̀. Ọ̀dọ̀ wọn náà ni tàtàṣé ti ṣẹ̀. Ẹ̀yìn 1492 ni òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọn sọdá òkun."

Wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀. "Kí wá ni àwọn bàbá ńlá wa ń fi se ọbẹ̀?"

"Iyeré. Ataare."

"O ní kò sí ọbẹ̀ ata nígbà Odùduwà?"

Kí n tó fèsì, tamales dé: àgbàdo lílọ̀, wọ́n fi ẹran sí i nínú, wọ́n fi háhá àgbàdo wé e. Màmá tú u, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. "Àbàrí. Èyí náà, tiwọn ni?" Mi ò dáhùn. Èèyàn kì í pa ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lórí tábìlì kan ṣoṣo.

Ohun mímu pupa ló gbà mí. Màmá tọ́ ọ wò, ojú wọn là. "Sóbò!" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, isápá ni wọ́n fi ṣe é, Áfíríkà ni isápá sì ti wá.

Wọ́n tún gèlè ṣe. "Sọ fún ìyá olóúnjẹ kó yọ owó isápá wa kúrò nínú owó ṣàkì rẹ̀."

Spanish tèmi ò kọjá *gracias*. Màmá ò dúró dè mí. Yorùbá ni wọ́n fi ná an, tọwọ́ tẹsẹ̀: wọ́n nawọ́ sí sóbò, wọ́n nawọ́ sí àyà ara wọn, wọ́n nawọ́ sí abọ́. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó wọlé, ó bu ṣàkì mìíràn wá, ó dà á lé tiwọn. Ènì! Láti ìgbà tí mo ti ń gbé Chicago, kò sẹ́ni tó fún mi ní ènì rí.

Màmá ń jẹ ṣàkì lọ. "Ṣé o ti bèèrè rí?"