Ẹ Ní Kí Wọ́n Mumi, Ẹ Tún Ti Tọ́ílẹ́ẹ̀tì Pa

Ẹni tí òkúta inú kíndìnrín bá ń dà láàmú, ẹ ò ní bá a lójú kan. Á jókòó, á dìde, á nà sílẹ̀, á tún fò dìde, á di ògiri mú, á kúnlẹ̀, kò síbi tó máa fara tì tó máa tù ú. Àwọn dókítà gan-an máa ń fi dá a mọ̀, torí ẹni tí appendix, ìfun kékeré tó wà nísàlẹ̀ ikùn, ń yọ lẹ́nu kì í fẹ́ mira rárá, tó bá mira pẹ́nrẹ́n ìrora ẹ̀ á le sí i, ṣùgbọ́n olókùúta ò lè dúró jẹ́. Ẹ̀yìn, lábẹ́ egungun ìhà, ló ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, á gba ẹ̀gbẹ́ sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ ikùn, tó bá jẹ́ ọkùnrin ó lè dé kórópọ̀n, á mú un gírígírí, á fi í sílẹ̀ díẹ̀, onítọ̀hún á ní ọpẹ́ o ó ti lọ, kó tó mí kanlẹ̀ ó ti padà dé. Èébì ńkọ́, òógùn ńkọ́. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ti rọbí rí tí òkúta yìí sì tún wá ṣe wọ́n ló máa ń sọ pé ìrọbí ò jù ú lọ, pé ìrọbí tiẹ̀ sàn torí ọmọ ló gbẹ̀yìn ẹ̀.

Síbẹ̀ náà, ẹ máa gbọ́ kí wọ́n ní ó ń ṣàṣejù. Ọ̀kan nínú àwa tá a jọ ń ṣiṣẹ́ níbí jẹ níbẹ̀ nígbà kan, ó dé ọsibítù kan láago méjì òru, wọ́n ní kó lọ jókòó kí wọ́n fi pè é, ta ló lè jókòó, nọ́ọ̀sì kan tiẹ̀ wò ó lókè wò ó nísàlẹ̀ ó ní ṣé kì í ṣe oògùn ló ń wá tó fẹ́ fi ṣe fàájì, ilẹ̀ ti ń mọ́ kí wọ́n tó gún un lábẹ́rẹ́ ẹyọ kan, abẹ́rẹ́ ọ̀hún ò lò tó ìdajì wákàtí tó fi rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Wákàtí mélòó kan ló ti fi yí nílẹ̀ lásán! Nígbà tí wọ́n máa dá a sílẹ̀ pé kó máa lọ, dókítà kọ ọ́ sínú ìwé fún un pé kó máa mumi dáadáa. Ó dúpẹ́, ó padà síbi iṣẹ́. A ó padà sórí ibi iṣẹ́ yẹn.

A ò ní fi sábẹ́ ahọ́n sọ: gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ òkúta kíndìnrín bá ti délẹ̀, ẹni tó ń jẹ̀rora ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi, o ò mumi, o fẹ́ràn iyọ̀ jù, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bi àwọn tó ń ṣètò iṣẹ́ léèrè pé ìgbà wo lẹ fún un láyè kó mumi, níbo lẹ sì ní kó tọ̀ ọ́ sí. Lójú tiwa o, omi mímu àti tọ́ílẹ́ẹ̀tì níbi iṣẹ́ kì í ṣe ojú àánú ọ̀gá, ọ̀rọ̀ ìlera ni, ó yẹ kó wà nínú òfin, kí wọ́n sì máa rán èèyàn lọ wò ó bóyá wọ́n ń tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ ká wo bí òkúta yìí ṣe ń dá sára ná. Ìtọ̀ kì í ṣe omi lásán, oríṣiríṣi nǹkan ni kíndìnrín ń sẹ́ láti inú ẹ̀jẹ̀ sínú ẹ̀, calcium tó ń mú egungun le wà níbẹ̀, oxalate tó máa ń wà nínú àwọn ewébẹ̀ kan wà níbẹ̀, uric acid tó jẹ́ ìdọ̀tí tí ara ń dà nù náà wà níbẹ̀. Tí omi bá pọ̀, gbogbo ẹ̀ á yòrò, á bá ìtọ̀ jáde. Tí omi bá wọ́n, bó ṣe máa ń rí téèyàn bá da ṣúgà púpọ̀ sínú omi díẹ̀ náà ni, yóò rò sísàlẹ̀, àwọn tó rò sísàlẹ̀ yìí á lẹ̀ mọ́ra wọn, á di bí iyanrìn, iyanrìn á di òkúta. Nínú òkúta mẹ́wàá, bíi mẹ́jọ ló ní calcium nínú, calcium àti oxalate ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ó lè wà nínú kíndìnrín fún ọdún gbọọrọ kó má sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tó bá kó sínú ọ̀nà tóóró tó ń gbé ìtọ̀ lọ sínú àpò ìtọ̀ ni wàhálà dé, ọ̀nà yẹn gùn tó sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30 ṣùgbọ́n inú ẹ̀ ò fẹ̀ ju mìlímítà 3 sí 4 lọ, òkúta á há síbẹ̀, ìtọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò rọ́nà gbà, á máa ti kíndìnrín wú, ọ̀nà tóóró náà á máa súnkì pé kó ti nǹkan yìí jáde. Wíwú yẹn àti súnkì yẹn ló ń dá ìrora, ìdí nìyẹn tó fi ń wá tó ń lọ bí ìgbì.

Ẹ ò wá rí i pé omi ni gbogbo ẹ̀ rọ̀ mọ́. Dókítà Loris Borghi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Ítálì fi ọdún márùn-ún tẹ̀ lé èèyàn 199 tí òkúta ti ṣe lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní kí apá kan máa mumi púpọ̀, wọ́n fi apá kejì sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé àbájáde ẹ̀ jáde ní 1996, òkúta ti padà sára 12 nínú àwọn 99 tó ń mumi, ó sì ti padà sára 27 nínú ọgọ́rùn-ún tó kù. Omi lásán o! Kó tiẹ̀ tó di 1996, Borghi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ti lọ wo àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ gíláàsì, wọ́n rí i pé àwọn tó ń dúró nídìí iná tí òógùn ń bò ní òkúta ju àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbi tó tutù lọ dáadáa. A ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ nìyẹn.

Ohun tí àwọn dókítà ìtọ̀ ní Amẹ́ríkà ń sọ fún ẹni tó ti ní òkúta rí ni pé kó máa mumi débi tí ìtọ̀ ẹ̀ á fi máa tó lítà méjì ààbọ̀ lójúmọ́. Ìtọ̀ la wí o, kì í ṣe omi tó mu, omi tó máa mu gbọ́dọ̀ ju ìyẹn lọ torí òógùn àti èémí náà ń gba tiwọn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Téèyàn bá ń tọ̀ bíi mìlílítà 350 lẹ́ẹ̀kan, á tọ̀ ní ìgbà méje kó tó pé. Tó bá lo wákàtí mẹ́wàá níbi iṣẹ́, ó kéré tán mẹ́ta mẹ́rin nínú méje yẹn á bọ́ síbẹ̀. Ẹ wá sọ fún wa, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tí wọ́n ń fi aago lé, tíṣà tí kò lè fi kíláàsì sílẹ̀, nọ́ọ̀sì tó dá wà ní wọ́ọ̀dù, sìkọ́ríìtì tó dá dúró lẹ́nu géètì, ọmọ ilé ìtajà tí wọ́n ń ka ìṣẹ́jú ẹ̀ tó bá wọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì, èwo nínú wọn ló máa rí ìgbà mẹ́ta lọ? Wọ́n ti gbọ́n sí i, wọn kì í mumi mọ́ ni. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń jí tí kì í jẹ́ kí omi kan ẹnu ẹ̀ títí tó fi máa padà délé, torí tọ́ílẹ́ẹ̀tì ibi iṣẹ́ ò ṣe é wọ̀, tàbí ilẹ̀kùn ẹ̀ ò ní kọ́kọ́rọ́ nínú, tàbí àárín ọkùnrin ló wà. (Ẹ má ṣì wá gbọ́ o, àìmumi là ń bá wí gan-an, a ò sọ pé ìtọ̀ téèyàn dì mú fún wákàtí kan ló di òkúta.)

A mọ ohun tí àwọn ọ̀gá máa sọ. Wọ́n á ní téèyàn bá fi àyè sílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ á lọ jókòó sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì máa tẹ fóònù. Àwọn kan á ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, a ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí òkúta dá dúbúlẹ̀ á fi ọjọ́ mélòó kan sílé, nínú àwọn tó ti ṣe rí sì rèé, ìdajì ló ń padà ṣe láàárín ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá, kí wọ́n ṣírò ìyẹn náà mọ́ ọn. Wọ́n tún lè sọ pé kì í ṣe gbogbo òkúta ni iṣẹ́ fà, òtítọ́ nìyẹn náà, àwọn kan bá a nínú ìdílé ni, ti àwọn míì ń bọ̀ láti ara gout tó ń mú oríkèé wú, àtọ̀gbẹ, àìsàn ìfun, sísanra jù tàbí kòkòrò tó wọnú ìtọ̀. A ò ní kí ọ̀gá wá jẹ́jọ́ ìyẹn. Èyí tó wà níkàáwọ́ ẹ̀ là ń bi í.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó ń bí wa nínú, ìyẹn àwọn ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pín kiri. Wọ́n á ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ calcium ló di òkúta, má mu mílíìkì mọ́. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́ o. Calcium inú oúnjẹ ló ń so mọ́ oxalate nínú ìfun tí wọ́n á fi jọ gba ìgbẹ́ lọ, téèyàn bá gé e kúrò, oxalate á ráyè wọ inú ẹ̀jẹ̀ já sínú ìtọ̀. Borghi yìí kan náà tún gbé ìwádìí mìíràn jáde ní 2002, ọgọ́fà ọkùnrin, ọdún márùn-ún, àwọn tó ń jẹ calcium bó ṣe yẹ tí wọ́n dín iyọ̀ àti ẹran kù, méjìlá nínú 60 ni òkúta padà sí lára, àwọn tó sá fún calcium, 23 nínú 60. Iyọ̀ gan-an lẹ bá máa bá jà, òun ló ń lé calcium sínú ìtọ̀. Èyí tí wọ́n ń sọ pé kéèyàn máa da omi tàbí bíà sọ́nà ọ̀fun nígbà tí ìrora bá ń lọ lọ́wọ́ kó lè ti òkúta jáde, kò sẹ́rìí kankan pé ó ń ṣiṣẹ́, ó sì lè dá kún ìrora. Omi ti ìgbà tí ara bá le ni.

Tó bá ti dé, ẹ tètè rí dókítà. Diclofenac, ketorolac àti ibuprofen ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò fún ìrora yìí, torí wọ́n ń dín wíwú kíndìnrín kù, wọ́n sì ń mú ọ̀nà tóóró yẹn dẹ̀, àmọ́ ẹni tó lóyún, ẹni tó ní ọgbẹ́ inú tàbí tí kíndìnrín ẹ̀ ò ti dáa tẹ́lẹ̀ ò gbọdọ̀ dá a lò. Aṣọ gbígbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ náà ń ranni lọ́wọ́. Òkúta tí kò tó mìlímítà 5, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ló máa dá jáde, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí wọ́n bá ń tọ̀, kí wọ́n fi asẹ́ gbà á kí dókítà lè yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó bá ju mìlímítà 10 sábà máa ń fẹ́ ìrànwọ́, wọn ò sì fi dandan lani nínú mọ́ látìgbà tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ fọ́ òkúta láti òde ara fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Munich, Jámánì, ní 1980. Èyí tẹ́ ò gbọ́dọ̀ fi ṣeré ni ibà, tí ìrora òkúta bá wà tí ara tún wá gbóná tí òtútù sì ń gbọ̀n yín, ọsibítù lójú ẹsẹ̀, ní òru náà, torí kòkòrò tó há mọ́ ẹ̀yìn òkúta lè pani láàárín wákàtí díẹ̀.

Àwọn ọsibítù náà, ẹ jọ̀ọ́, oògùn ìrora kó kọ́kọ́ ṣáájú, ẹ lè máa bi í léèrè ọ̀rọ̀ tó bá ti lè sọ̀rọ̀.

Ẹnìkejì wa yẹn ṣá, nígbà tó padà síbi iṣẹ́ pẹ̀lú ike omi lítà méjì lọ́wọ́, ọjọ́ kẹta la tó mọ̀ pé kì í mu ún. Ó ní kọ́kọ́rọ́ tọ́ílẹ́ẹ̀tì wà nínú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá, pé ojú ń ti òun láti máa lọ tọrọ ẹ̀ ní ìgbà mẹ́rin lóòjọ́. Ọ̀gá ọ̀hún ló ń kọ èyí. Mo ti yọ kọ́kọ́rọ́ náà nínú dúrọ́ọ̀, mo fi há ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ló wà títí dòní.