Ẹ Kọ Orúkọ Agbo-Ilé Wa Sórí Máàpù Ná

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, àjọ UNESCO kọ ọdún Ṣàngó ti ìlú Ọ̀yọ́ sínú ìwé àwọn àṣà tó jẹ́ ogún gbogbo ọmọ aráyé. Inú wa dùn, a jó, a yọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò afẹ́ bá ti délẹ̀ báyìí, áàpù orí fóònù ni ẹnu máa ń kọ́kọ́ lọ. Irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní augmented reality ló sì ń dá àwọn èèyàn lọ́rùn jù: o dúró lẹ́nu ọ̀nà Ààfin, o gbé kámẹ́rà fóònù rẹ sókè, fóònù á mọ ibi tí o wà àti ibi tí o kọjú sí, á wá ya Ààfin ayé Aláàfin Àtìbà lé èyí tí ojú rẹ ń rí. Ó dùn-ún wò, kò sí àní-àní. Èrò tiwa ni pé kí ìjọba má tíì ná kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, títí iṣẹ́ kan tí kò dán lójú tó bẹ́ẹ̀ yóò fi parí: máàpù ìlú, pẹ̀lú orúkọ agbo-ilé, oníṣẹ́ ọnà àti ọjọ́ ọdún, tí ìlú fúnra rẹ̀ kọ, tí ẹnikẹ́ni sì lè lò.

Ẹ wo àlejò tó bá wọ Ọ̀yọ́ nínú oṣù Kẹjọ, nígbà ọdún Ṣàngó. Máàpù orí fóònù rẹ̀ á fi bánkì hàn án, á fi ilé epo, ṣọ́ọ̀ṣì àti òtẹ́ẹ̀lì hàn án. Bó bá ń wá ibi tí wọ́n ti ń fín igbá, agbo-ilé àwọn Àyàn, àwọn tó ń fi awọ ṣe ọnà, tàbí ilé àwọn ahunṣọ, ó di kó máa béèrè lọ́wọ́ ọlọ́kadà. Àlejò lójú, kò fi ríran. Máàpù tó yẹ kó là á lójú náà kò ríran. Á ra igbá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Akẹ̀sán lọ́wọ́ alágbàtà, á bọ́ sínú ọkọ̀ padà, ẹni tó fín igbá náà kò sì ní mọ̀ pé àlejò wọ̀lú.

Lọ́dún 2010, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Lọ́ńdọ́ọ̀nù gbé áàpù kan jáde tó ń gbé fọ́tò ayé àtijọ́ lé òpópónà tí èèyàn bá dúró sí. Ohun tí àwọn tó ń tọ́ka sí irú rẹ̀ kì í sọ ni pé àwọn fọ́tò náà ti wà nípamọ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọ̀hún tipẹ́tipẹ́, wọ́n sì mọ ibi tí wọ́n ti yà wọ́n. Ajíṣebí-Ọ̀yọ́ là á rí lóòótọ́, àmọ́ lórí èyí, kò burú bí Ọ̀yọ́ bá wo Lọ́ńdọ́ọ̀nù ṣe: àkọsílẹ̀ ló ṣáájú, àrà ló tẹ̀lé e.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ló tún wá le jù. Kàlẹ́ńdà inú fóònù, ọjọ́ méje-méje ló mọ̀ ọ́n kà. Àwọn oníṣàngó ń ka ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin, Jàkúta sì ni ọjọ́ tiwọn. Ọ̀dọ́ tó mọṣẹ́ kọ̀ǹpútà lè kọ́ áàpù ní ìyẹn wẹ́rẹ́, bó bá ṣáà mọ̀ pé ó wà. Èyí tí kò sí kọ̀ǹpútà tó lè ṣírò rẹ̀ ni ọdún tí àwọn àgbà gbọ́dọ̀ jókòó lé lórí, tí wọ́n gbọ́dọ̀ bi Ifá kí wọ́n tó dá ọjọ́ rẹ̀. Ikú àgbà kan lè sún ọdún egúngún àdúgbò síwájú. Áàpù tí wọ́n jókòó sí Èkó kọ, tí wọ́n ti ọjọ́ bọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún, irọ́ ni yóò máa pa fún àlejò. Ìdí nìyẹn tí a fi ní ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbé láàárín ìlú ló yẹ kí owó ìjọba lọ, ẹni tó lè dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà láàárọ̀ kó sì tún ọjọ́ kọ kí ilẹ̀ tó ṣú. A fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé owó oṣù irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní tó owó tí wọn yóò fi ṣe ìfilọ́lẹ̀ áàpù kan, pẹ̀lú kánópì, aṣọ ẹgbẹ́ jọdá àti ìrẹsì.

Ta ni yóò ṣe é? Ọ̀yọ́ kọ́ ló yẹ kó béèrè ìyẹn. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn awọnlẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀, èyí tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1908, àárín wa ló wà. Yunifásítì LAUTECH ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti 1990. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn gbé fóònù, kí wọ́n tẹ̀lé àwọn baálé láti agbo-ilé dé agbo-ilé, kí wọ́n kọ orúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Orí OpenStreetMap, máàpù orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè kọ nǹkan sí, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004, ni ká kó o sí, torí ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó bá sì fẹ́ kọ áàpù lè mú un lò. Bí a bá gbé gbogbo rẹ̀ fún agbaṣẹ́ṣe kan, ọjọ́ tí owó bá dá ni áàpù kú, orúkọ agbo-ilé wa á sì bá a wọnú kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni kò ní lè ṣí mọ́.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló yẹ kó wà lórí rẹ̀ ṣá. Ní 2016 tí eré Pokémon Go gbòde, àwọn tó ń ṣe é wọ ọgbà ìrántí Hiroshima ní Japan, níbi tí wọ́n ti ń rántí àwọn tí bọ́ǹbù átọ́míìkì pa, wọ́n ń lé ẹranko orí fóònù kiri, títí àwọn aláṣẹ ibẹ̀ fi ní kí iléeṣẹ́ tó ni eré náà yọ ọgbà ọ̀hún kúrò nínú rẹ̀. Igbó Orò, ìgbàlẹ̀ egúngún, ojúbọ tó jẹ́ pé onílé nìkan ló ń wọ̀ ọ́: a kò fẹ́ rí àmì kankan lórí wọn. Mọ́gbà, àwọn àwòrò Ṣàngó, ló ni ọ̀rọ̀ ojúbọ Kòso, Alápìńni ló ni ti egúngún. Bí wọ́n bá ní rárá, rárá náà ni. Àwọn kan yóò sọ pé a ń fi nǹkan pamọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, a ń fi í pamọ́.

Bí máàpù bá parí, Ọ̀yọ́ Ilé, ìlú Ọ̀yọ́ àtijọ́, ni ká ti kọ́kọ́ fi àrà náà dán wò. Ògiri ibẹ̀ ti wó, igbó ti bò ó; ẹni tó bá débẹ̀ láìsí afinimọ̀nà, òkìtì àti àpáàdì ni yóò máa wò. Àwòrán tó ń gbé ògiri náà dìde lójú fóònù á ṣe é lóore. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ya fọ́tò ìlú náà kó tó tú. Ní 1826 tí Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò, débẹ̀, ìwé ló fi kọ ohun tó rí. Nítorí náà, kí áàpù ya èyí tó ti inú àkọsílẹ̀ wá sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ayàwòrán kàn finú rò. Kó sì ṣeé gbà sórí fóònù láti ìlú kí èèyàn tó wọgbó, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Dátà gan-an ti gbówó lórí láti 2025 tí NCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó iléeṣẹ́ fóònù, gbà kí àwọn iléeṣẹ́ fóònù fi tó ìdá 50 nínú 100 kún owó wọn.

Ìjọba ìbílẹ̀ Àtìbà, Ìlà-Oòrùn Ọ̀yọ́ àti Ìwọ̀-Oòrùn Ọ̀yọ́ kò ní láti dúró de Ìbàdàn. Kí wọ́n pe Ààfin, àwọn baálé àti àwọn ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí jókòó, kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti Akẹ̀sán àti Kòso, kí ohun tí àlejò lè ṣí wò ti wà nílẹ̀ kí oṣù Kẹjọ tó ń bọ̀ tó wọlé. Oníṣẹ́ ọnà tó bá gbà kí wọ́n fi nọ́ńbà òun sí i, kí wọ́n fi sí i láìgba owó lọ́wọ́ rẹ̀; ẹni tí kò bá gbà, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì gbé ìwé àdéhùn áàpù alárà wá sí ọ́fíìsì wọn ṣáájú ìgbà náà, kí wọ́n bi í ibi tí yóò ti rí orúkọ agbo-ilé tí yóò kọ sí i.